Owó wà fún gbígbin iyùn sétí erékùṣù ìgbafẹ́: ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Etíkun_Tútù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan rèé tó ń fẹ́ ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹ jẹ́ ká mú erékùṣù oníyanrìn pẹlẹbẹ kan tí kò fi ju mítà méjì ga ju òkun lọ. Ibùdó ìgbafẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ní yàrá 40, àlejò 80 nígbà tó bá kún, àti òṣìṣẹ́ 100 tí ń gbébẹ̀. Àpáta iyùn (ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun ni iyùn yìí, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 60 mítà sí etí omi. Jẹnẹrétọ̀ oní-díísù ló ń fún wọn níná, ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló ń fún wọn lómi, sọ́kàwé ló sì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Iyùn ibẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, ewé òkun sì ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Gbígbin iyùn tuntun sórí férémù irin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tán. Ìyókù wà fún pípààrọ̀ sítírọ́ọ̀ rọ́bà àti ìgò rọ́bà.

Ṣé bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà tò nìyẹn? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kó ṣáájú, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìwọ̀n àti ìgbésẹ̀, kó má kàn jẹ́ "ẹ dáàbò bo òkun".

OníPáìpù

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè tó lójú. Iṣẹ́ náà tò sódì. Kí wọ́n tó gbin iyùn ẹyọ kan, kí wọ́n lọ wo ibi tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà lọ.

Náítírójìn inú rẹ̀ ló ń bọ́ ewé òkun tó ń bo iyùn mọ́lẹ̀. Ìṣirò rèé. Ara ènìyàn kan a máa tú nǹkan bíi gírámù 11 náítírójìn jáde lójúmọ́, inú ìtọ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ti ènìyàn 180 á tó kílò 2. Bí ibùdó náà bá kún yípo ọdún, ó di nǹkan bí 720 kílò. Àpò yúríà oníkílò 50 tí àgbẹ̀ ń lò, kílò 23 ni náítírójìn inú rẹ̀. Ohun tí ibùdó yìí ń fi ránṣẹ́ sínú ilẹ̀ lọ́dún kan tó àpò ajílẹ̀ 31. Bí ẹnì kan bá gbé àpò ajílẹ̀ 31 wá sétíkun tó ń tú wọn sómi níṣojú àlejò, wọn ò ní jẹ́ kó tú èkejì. Àmọ́ torí pé abẹ́ ilẹ̀ ló gbà lọ, kò sẹ́ni tó rí i.

Sọ́kàwé dára níbi tí ilẹ̀ bá ní amọ̀, tí omi sì jìn sísàlẹ̀. Erékùṣù oníyanrìn ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Níbẹ̀, omi òjò tó rì sílẹ̀ a máa léfòó lórí omi iyọ̀ torí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ: bí ojú omi tútù náà bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga ju ìpele òkun, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Inú omi yìí gan-an ni sọ́kàwé ń tú sí. Yanrìn ẹfun a máa mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ra fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú náítírétì, ìyẹn náítírójìn tó ti yòrò sínú omi. Ṣe ni náítírétì á bá omi abẹ́ ilẹ̀ rìn. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, ẹ ó rí ibi tí omi ti ń sun jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ etíkun, ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ewé tútù yọ̀ọ̀ lára òkúta tó wà níwájú rẹ̀. Ewé yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

Ohun tó yẹ ní kíkọ́ nìyí. Kí gbogbo omi ẹ̀gbin para pọ̀ sí ojú páìpù kan, kí sọ́kàwé kásẹ̀ nílẹ̀. Omi ilé ìdáná á kọ́kọ́ gba kòtò agbọ̀rá kọjá. Ìgbàkígbà tí ọ̀rá òkè àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò náà bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin jíjìn rẹ̀, kí wọ́n kó o, kí wọ́n má dúró de ìparí oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan asẹ́ irin tí ihò rẹ̀ ò ju mílímítà 1 sí 2 lọ, nítorí irun orí. Irun a máa lọ́ra pọ̀ mọ́ awọ asẹ́ tó wà níwájú bí òwú, kò sì sí kẹ́míkà tí ń tú u. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táǹkì ìkójọ tó lè gba omi wákàtí 8 sí 12, torí pé gbogbo àlejò ló ń wẹ̀ lásìkò kan náà. Táǹkì aláìlátẹ́gùn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà táǹkì alátẹ́gùn, kí awọ asẹ́ tó wá kẹ́yìn.

Nínú táǹkì alátẹ́gùn, àwọn kòkòrò tíntìntín á sọ amóníà, ìyẹn ohun tí náítírójìn inú ìtọ̀ ń dà, di náítírétì. Kí ọ́síjìn inú omi ibẹ̀ wà ní nǹkan bíi míligírámù 2 nínú lítà. Pọ́ǹpù á wá máa dá omi yẹn padà sí táǹkì aláìlátẹ́gùn, ní ìlọ́po 3 sí 4 omi tó ń wọlé. Níbẹ̀, kòkòrò mìíràn á já ọ́síjìn kúrò lára náítírétì láti fi mí, náítírójìn á sì di afẹ́fẹ́ lásán tí yóò fò lọ. Ìdápadà yìí làwọn ènìyàn máa ń fò torí àtifi iná pamọ́. Bí wọ́n bá fò ó, omi tó jáde á mọ́ lójú, kò ní rùn, náítírójìn inú rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bó ṣe wọlé. Omi tó mọ́ lójú ò túmọ̀ sí omi tí kò lè pa iyùn.

Akàwé

Ẹ̀gbọ́n OníPáìpù, mo gbọ́ yín. Ìpara oòrùn tí àlejò ń fi wọ omi ńkọ́? Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, fòfin de àwọn tó ní kẹ́míkà kan nínú láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Hawaii ní Amẹ́ríkà náà fòfin de títa àwọn tó ní kẹ́míkà oxybenzone àti octinoxate láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Ìjọba ò lè déédéé ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Abẹ́Òkun

Wọn ò déédéé ṣe é. Àwọn kẹ́míkà yẹn ba ọmọ iyùn jẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Kí ibùdó kó wọn kúrò lórí igbá, kí wọ́n fi oní-zinc oxide rọ́pò wọn. Ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn tí wọ́n lè yá àlejò tún sàn ju ìpara èyíkéyìí lọ, torí ẹ̀yìn àti èjìká ni ìpara ti ń pọ̀ jù lára ẹni tó dojú bolẹ̀ tó ń wo ẹja. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, owó táṣẹ́rẹ́. Kò yẹ kó gba ipò omi ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní ti gbígbin iyùn: iyùn tí à ń wí yìí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, ẹranko kéékèèké tó so pọ̀, tí ń fi ẹfun kọ́ ilé ara wọn. Inú ẹran ara wọn ni ẹ̀dá tíntìntín kan bí ewéko ń gbé, tó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún wọn. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé alájọgbé rẹ̀ jáde, á funfun báláú, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbóná yìí. Ẹ mú ìpíndọ́gba ìgbóná omi ní oṣù tó gbóná jù lọ ládùúgbò yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí omi bá fi dígírì 1 kọjá rẹ̀, ẹ kọ 1. Bó bá fi 2 kọjá, ẹ kọ 2. Èyí tí kò tó dígírì 1, ẹ má kà á. Ẹ ro ti ọ̀sẹ̀ 12 tó kẹ́yìn pọ̀. Bó bá dé 4, ẹ retí ìfunfun. Bó bá dé 8, ẹ retí ikú. NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ń gbé ìṣirò yìí jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n kéde ìfunfun káríayé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ti ọdún 1998 àti ti 2016 ti kọ́kọ́ ba púpọ̀ nínú iyùn Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù ní Òkun Íńdíà, jẹ́.

Kí wọ́n tó gbin nǹkan kan, kí wọ́n bi ara wọn pé: ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ṣé ó ti kúrò? Bí kò bá tíì kúrò, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé lọ fún ewé òkun.

Bó bá ti kúrò, ọ̀nà rẹ̀ rèé. Irin férémù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀dà lílẹ̀ bò, kí wọ́n sì da yanrìn lé e lórí kó tó gbẹ, kó má bàa dípẹtà, kí iyùn sì rí ibi dì mú. Ara èyí tí ìgbì ti ṣẹ́, tó ń yí gbiri lórí yanrìn, ni wọ́n á ti mú ègé sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Kí wọ́n má ṣẹ́ èyí tó dúró sán-ún. Okùn rọ́bà ìdì ni wọ́n ń fi dè é, kó le pinpin: iyùn tó bá ń mì kì í dàgbà bo irin. Kí ègé náà wá láti ara ìyá tó pọ̀, ó kéré tán mẹ́wàá fún irú kan, torí pé bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, ọjọ́ kan náà ni ooru á pa wọ́n. Iyùn tó ń yọ ẹ̀ka bí igi a máa yára dàgbà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú lásìkò ooru, nítorí náà kí wọ́n fi èyí tó rí bí àpáta kún un.

Lóṣù kìíní, kí ẹnì kan máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ewé kúrò lára irin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ ṣa ìgbín Drupella tí ń jẹ ẹran ara iyùn. Ibi tí ìgbín bá ti jẹ á funfun mọ́ kedere, pẹ̀lú ẹnu ọgbẹ́ tó rí bí eyín ṣe gé e. Àìsàn àti ooru kì í fi irú ojú bẹ́ẹ̀ hàn. Ìgbà tí ìṣirò ooru bá ti kọjá 4, kí wọ́n dáwọ́ ṣíṣẹ́ àti gbígbìn dúró pátápátá, kí wọ́n sì sún férémù tó bá ṣeé sún lọ sí omi tó jìn díẹ̀.

Asẹ́mi

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀rọ omi, torí gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ra.

Ká sọ pé àlejò ń lo lítà 400 lójúmọ́, òṣìṣẹ́ 150. Ó di 47,000 lítà. Ẹ̀rọ kékeré tí kò ní ohun èlò tí ń gba agbára padà lára omi iyọ̀ tó ń jáde lè jẹ iná yúníìtì 8 sí 10 lórí 1,000 lítà. Èyí tó ní in á jẹ 3 sí 4. Láti 10 sí 4, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 282 lójúmọ́. Bí lítà díísù kan bá ń mú yúníìtì 3.3 jáde, lítà 85 ni wọ́n ń sun lásán lójoojúmọ́. Ìdí ni pé omi òkun gbọ́dọ̀ gba agbára ìtẹ̀ tó tó báà 55 sí 70 (báà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ara wa) kó tó gba awọ asẹ́ kọjá. Omi iyọ̀ tó kù sì ń jáde pẹ̀lú agbára yẹn lára. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.

Nínú lítà 100 tí wọ́n fà, nǹkan bí 40 ló ń di omi mímu. 60 tó kù ló gbé gbogbo iyọ̀ dání: omi òkun oníyọ̀ gírámù 35 nínú lítà á di oníyọ̀ 58. Ó wúwo ju omi òkun lọ, kì í dà pọ̀ fúnra rẹ̀. Á yọ́ lọ sísàlẹ̀, á tò sínú kòtò ilẹ̀ òkun bí omi ṣe ń dúró sínú àwo, ohun tó wà nínú kòtò yẹn á sì kú. Kí páìpù rẹ̀ má ṣe parí sínú ọ̀sà tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín etíkun àti iyùn. Kó kọjá etí àpáta iyùn lọ síbi tí ìṣàn omi bá ti lágbára, kí òpin rẹ̀ ní ihò kéékèèké tó kọjú sókè ní nǹkan bí dígírì 60, kí omi náà lè fò sókè, kó pò mọ́ òmíràn kó tó balẹ̀.

Kílorínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ẹnu páìpù ìfami a máa jẹ awọ asẹ́, nítorí náà wọ́n ń fi sodium metabisulphite pa á. Bí wọ́n bá fi pọ̀ jù, èyí tó ṣẹ́ kù á fa ọ́síjìn inú omi tó ń padà sókun mu. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn etíkun sàn jù: yanrìn ti sẹ́ omi ṣáájú, wọn ò ní fẹ́ kílorínì púpọ̀, wọn ò sì ní fa ẹyin ẹja wọlé. Kí ẹnu ìfami rẹ̀ jìn kọjá omi tútù abẹ́ ilẹ̀ tí OníPáìpù sọ. Bí wọ́n bá fà á láti òkè, igi erékùṣù ni wọ́n ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti sólà: Erékùṣù Lady Elliot ní Great Barrier Reef, àpáta iyùn ńlá Ọsirélíà, ti ń lò ó láti ọdún 2008. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé táǹkì omi ni bátìrì tó dínwó jù lọ. Kí ẹ̀rọ omi ṣiṣẹ́ ní àárín aago 9 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán nígbà tí oòrùn wà, kó kún táǹkì, kó sinmi lálẹ́. Ó gba ẹ̀rọ tó tóbi jù, òótọ́ ni. Kí ètò sì wà tí yóò máa fi omi mímu ṣan inú rẹ̀ gbàrà tó bá dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ á dì sí awọ asẹ́.

Ẹ má gbàgbé òjò. Erékùṣù Chumbe ní Zanzibar, tí iyùn rẹ̀ di ibi àìgbọdọ̀-pẹja ní 1994, ní ilé àlejò 7 péré. Òrùlé kọ̀ọ̀kan ń gbe omi òjò sí táǹkì abẹ́ rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sì ń sọ ìgbẹ́ di ajílẹ̀ láìlo omi rárá. Yàrá 40 ò lè ṣe gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n bí òrùlé wọn lápapọ̀ bá jẹ́ 4,000 mítà níbùú lóròó, òjò mílímítà 20 á fún wọn ní 80,000 lítà. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣòfò, ó ṣì ju omi ọjọ́ kan lọ.

Etíkun_Tútù

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan fún ẹ̀gbọ́n OníPáìpù: wọ́n ní irú ẹ̀rọ tí ẹ ṣàpèjúwe yìí wà ní àwọn erékùṣù kan, atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ dáadáa, síbẹ̀ amóníà kì í lọ sílẹ̀. Kí ló ń fà á?

OníPáìpù

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ Asẹ́mi ló ń fà á. Kì í ṣe pé mo ń bá a jà o.

Kòkòrò tí ń sọ amóníà di náítírétì a máa tú ásíìdì jáde. Gírámù 1 náítírójìn ń jẹ nǹkan bíi gírámù 7 nínú okun tí omi fi ń gba ásíìdì mọ́ra, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bí ẹfun. Omi odò àti omi kànga ní okun yìí lára. Omi tó gba awọ asẹ́ ẹ̀rọ Asẹ́mi kọjá kò ní in, torí ẹ̀rọ ti yọ ẹfun kúrò pẹ̀lú iyọ̀. Kílò 2 náítírójìn lójúmọ́ á fẹ́ kílò 14. Ìtọ̀ fúnra rẹ̀ á dá ìdajì padà bó ṣe ń jẹrà nínú páìpù. Ìdajì kejì, táǹkì aláìlátẹ́gùn ló lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ẹni tó fo táǹkì yẹn ni gbèsè kílò 7 á kù sí lọ́rùn lójoojúmọ́.

Bí gbèsè bá pọ̀, pH (ìwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) á bọ́ sísàlẹ̀ 6.5, kòkòrò á sùn, amóníà á wà níbi tó wà. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìdí á ṣí atẹ́gùn sí i. Iná mànàmáná lásán ló ń jó. Kí wọ́n wọn pH lójoojúmọ́, kó wà láàárín 7 sí 7.5. Bó bá ń bọ́, kí wọ́n fi sódà, ìyẹn sodium bicarbonate, sí i díẹ̀díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kí omi tuntun láti inú ẹ̀rọ Asẹ́mi gba àárín òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ kọjá kó tó wọ páìpù ilé. Kò ní jẹ irin páìpù, á sì gbé okun díẹ̀ dé táǹkì.

Nǹkan méjì mìíràn tí ń pa kòkòrò: oògùn kílorínì tí wọ́n ń dà sílé ìwẹ̀ ní gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù lọ́jọ́ ìfọlé, àti ebi lásìkò tí àlejò ò pọ̀. Fún ebi, kí wọ́n dín atẹ́gùn kù, kí wọ́n sì máa fi omi táǹkì ìkójọ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ yípo ọjọ́.

Omi tó mọ́ náà, ọgbà ni kó lọ, nínú páìpù tín-ín-rín tí ń kán tó-tó-tó lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti omi mímu. Kí wọ́n sì dẹ́kun ríra ajílẹ̀ fún ọgbà yẹn.

Ìdákọ̀ró77

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó dárúkọ: ọkọ̀ ojú omi. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo lè fọ́ iyùn tó fi ogún ọdún dàgbà, ṣéènì rẹ̀ á sì máa gbá ilẹ̀ yíká bí ìgbálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí ọkọ̀ padà. Ẹ fi bọ́ì, ohun tó ń léfòó tí ọkọ̀ lè so mọ́, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ síbi tí ọkọ̀ ń dúró.

Nínú yanrìn, irin onískúrù gígùn tí wọ́n yí wọlẹ̀ dára ju kọnkéré lọ. Bó bá jẹ́ kọnkéré ni, ẹ rántí pé omi ń gbé e: oníkílò 1,000 á wọn nǹkan bí 570 péré nínú òkun. Orí yanrìn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe sórí iyùn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe ni àárín. Bí okùn bá gùn tí kò sí ohun tó gbé e sókè, á wọ́lẹ̀, á sì máa gé iyùn bí ayùn bí omi bá fà sẹ́yìn. Ẹ so bọ́ì kékeré kan mọ́ àárín okùn lábẹ́ omi, kó máa fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kó dúró ṣánṣán. Okùn náìlọ́nù ni kẹ́ ẹ lò, torí ó ń nà, ó sì ń rì. Polypropylene a máa léfòó sábẹ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má so irin tí kì í dípẹtà mọ́ irin onísíńkì nínú omi iyọ̀: onísíńkì á jẹ tán láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ fi wáyà di orí gbogbo ìdè irin kó má bàa yí ara rẹ̀ tú. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹnì kan rì wálẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ ìwọ̀n. Irin tí ìdá kan nínú mẹ́ta ìsanra rẹ̀ bá ti lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

ÀtùpàPupa

Bí ìjàpá òkun bá ń yé síbẹ̀, iná ni kẹ́ ẹ fi kún un. Ọmọ ìjàpá tó bá hù jáde lóru ń wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, èyí tó yẹ kó jẹ́ òkun. Bí iná ilé oúnjẹ bá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ibẹ̀ ni yóò kọrí sí, tí oòrùn àárọ̀ á fi gbẹ ẹ́.

Iná tó bá kọjú sétíkun gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kó ní ìborí tí kò jẹ́ kí ojú gílóòbù hàn, kí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju nánómítà 560 lọ. LED tó jẹ́ pé òun gan-an ló pọ́n bí oyin ni mò ń sọ. Funfun tí wọ́n kàn fi ike aláwọ̀ yẹ́lò bò ṣì ń tú búlúù jáde. Ọ̀nà àyẹ̀wò: lóru tí kò sóṣùpá, ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn kí ojú yín wà níbi tí ojú ọmọ ìjàpá wà, kẹ́ ẹ wo ìhà ilé. Gílóòbù èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lójúkojú, ẹ ní láti bò ó tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ tún dìde dúró: bí òjìji yín bá hàn lórí yanrìn, iná ti pọ̀ jù.

Kí àga àti ibùsùn etíkun wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá ìjàpá tó bá forí sọ wọ́n á yí padà sómi láìyé. Ibi tó bá ti yé, ẹ fi ọ̀pá mẹ́rin àti okùn yí i ká fún ọjọ́ 45 sí 70, ẹ má sì da yanrìn mìíràn lé e. Ìgbóná yanrìn ló ń pinnu akọ àti abo, ní àyíká dígírì 29. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, abo ló máa pọ̀.

Akàwé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà lórí ìpara. Ọ̀kan péré ló kù: àlejò kì í fẹ́ koríko òkun lẹ́sẹ̀. Ṣé wọn ò lè fà á tu níwájú yàrá nìkan?

Abẹ́Òkun

Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Gbòǹgbò koríko yẹn ló di yanrìn mú. Bí wọ́n bá tu ú, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, etíkun á jẹ wọlé, wọ́n á wá máa fi pọ́ǹpù fa yanrìn padà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì fà á, ẹrẹ̀ kúnná á dìde, á lọ bà sórí iyùn. Aṣọ ìdènà ẹrẹ̀ ò sì lè dá a dúró níbi tí omi bá ti ń sáré. Ní Maldives, àwọn ibùdó kan ti ṣèlérí láti ọdún 2019 pé àwọn á fi koríko tiwọn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ afárá onípákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àlàfo láàárín pákó kí oòrùn lè gbà wọlé. Ìjàpá tí ÀtùpàPupa ń sọ, koríko yẹn ni aláwọ̀ ewé nínú wọn ń jẹ.

Etíkun_Tútù

Ó ti yé mi. Omi ẹ̀gbin ló máa ṣáájú, bọ́ì àti iná á bá a rìn torí wọn ò wọ́n, ẹ̀rọ omi àti sólà á tẹ̀ lé e, iyùn ló máa kẹ́yìn. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé náítírójìn inú òkun ń dín kù lóòótọ́? Ṣé ohun èlò àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì tó?

Abẹ́Òkun

Kò tó rárá. Náítírójìn tó ti pọ̀ jù fún iyùn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi míligírámù 0.014 nínú lítà. Ohun èlò yẹn ò lè rí i. Òdo ló máa kọ fún yín, ọkàn yín á sì balẹ̀ lórí asán. Kí wọ́n bu omi ní ojú kan náà lóṣooṣù, nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn pátápátá: ibi tí omi ilẹ̀ ti ń sun, lórí iyùn, àti níta gbangba fún ìfiwéra. Kí wọ́n sẹ́ ẹ níbẹ̀ gan-an pẹ̀lú asẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 0.45, kí wọ́n má kún ìgò dẹ́nu torí yìnyín ń wú, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tó mọ omi òkun. Kí ẹni tó ń bu omi má fọwọ́ kan ẹnu ìgò. Òógùn ọwọ́ nìkan ti tó láti ba èsì jẹ́.

Fún ojú iyùn fúnra rẹ̀, kí wọ́n kan ìṣó irin sí òkúta tó ti kú ní òpin méjèèjì, kí wọ́n na okùn ìwọ̀n mítà 50 sáàárín, kí wọ́n máa ya àwòrán ojú kan náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

OníPáìpù

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yẹn báyìí, ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ti sọ́kàwé pa. Kí wọ́n má sì retí pé nọ́ńbà á já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀: náítírétì tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa sun jáde fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá gbin iyùn sínú ìyẹn, wọ́n á pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n dúró títí èsì ibi ìsun náà á fi ń lọ sílẹ̀ léraléra, kí wọ́n tó pe ẹni tó ń rọ férémù.